Ohun Tí Wọ́n Bò Mọ́lẹ̀ Nídìí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run bá wọn mú ìbínú kúrò lọ́kàn. Èmi kò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo tọ́jú ìbínú tèmi bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ara tí a gé fún àyẹ̀wò: mo fi í sínú oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹrà, mo dé ìgò rẹ̀ pa, mo sì ń gbé e jáde wò nígbà tó bá wù mí.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Dókítà ni mí, ṣùgbọ́n n kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, n kì í sì í kọ oògùn fún aláìsàn. Ẹran ara tí àwọn dókítà yòókù bá gé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. A óò rẹ ẹ́ sínú oògùn náà, fọ́máálínì, a óò fi àbẹ́là yíyọ́ mú un le, a óò rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, a óò pa á láró, èmi yóò sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù títí n ó fi lè sọ orúkọ àrùn tó wà níbẹ̀; ìyẹn ni a ń pè ní kíkà. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ní ilé-ìwòsàn ńlá kan tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìsàn-Èkìtì ni mí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣoṣo sì wà nílé ọkọ ní Ìkọ̀lé.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé, fóònù alágbèéká kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìròyìn tó bá máa ti Ìkọ̀lé dé Ìbàdàn, ẹnu awakọ̀ ló ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ṣe iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ náà ti parí.

Ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lásìkò tí kò yẹ kó rí i. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé girama, mú un lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìdó. Dókítà tó ni ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí kókó kan tó yọrí jáde ní ọrùn ilé ọmọ, ìyẹn ibi tóóró tí ilé ọmọ ti ń ṣí ẹnu sísàlẹ̀. Ó ní fáíbúrọ́ìdì ni. Ó gé e. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ní agbègbè wa nígbà náà: ó gbé kókó náà sínú àwo tánganran funfun, ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi í han àwọn ará ilé ọkọ.

N kò sọ pé àṣà náà kò nídìí. Ẹni tó gbà kí wọ́n fi abẹ kan ìyàwó òun yóò fẹ́ rí ohun tí abẹ mú jáde. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò ní àwíjàre. Bí obìnrin bá bímọ lọ́dọ̀ wa, ilé ọkọ ló ni ibi ọmọ. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ sí. Wọ́n wá ka kókó yìí mọ́ ọn, pé ohun tó bá ti ojú kan náà jáde, tiwọn ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Àgbà, gba àwo náà lọ́wọ́ dókítà, ó gbé e délé, ó gbẹ́lẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó fi bíńtín nínú rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.

Kò pẹ́ tí kókó náà fi tún hù. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà yí ohùn padà. Ó ní jẹjẹrẹ ni, pé òun yóò yọ ilé ọmọ kúrò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì bímọ. Oyún kan ṣoṣo tó ní ti wálẹ̀. Dókítà sì tún fi gbólóhùn kan kún un, ó sọ ọ́ sí Àǹtí Àgbà létí bí ẹni ń fúnni lóògùn: pé àrùn àwọn obìnrin tó bá mọ ọkùnrin púpọ̀ ni. Àǹtí Àgbà gbé gbólóhùn náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń jókòó.

Ó ní, “Mo fi ojú ara mi rí i nínú àwo. Orí wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Iye orí tó wà níbẹ̀, iye ọkùnrin tó ti mọ̀ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi sínú takisí tó ń lọ sí Ìsàn. Ọkọ rẹ̀ bá a gbé báàgì rẹ̀ sí bọ́ọ̀tù, ó bá awakọ̀ pa bọ́ọ̀tù dé, ó sì padà wọlé. Ìyẹn nìkan ló ṣe. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ kan tó sọ lọ́jọ́ náà tí mo lè kọ síbí.

Ilé bàbá wa ni mo ti bá a, lórí àga lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ó rù. Kò kí mi tán tó fi bi mí pé:

“Ìwọ lo kàwé. Ṣé òótọ́ ni pé ìṣekúṣe ló ń fà á?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo Ìkọ̀lé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi, àbúrò mi. Àbí ẹyọ kan náà ti pọ̀ jù?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń pe ohun tí wọn kò wò lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé ọmọ yín títí n ó fi wò ó.”

“Bí o bá wò ó tó sì jẹ́ ohun tí wọ́n sọ ńkọ́?”

“Nígbà náà, n ó sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni n ó sọ fún. N kò ní sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gun ọ̀kadà dé Ọyẹ́, mo wọ takisí níbẹ̀, mo sì lọ bá dókítà náà. Ara rẹ̀ yá mọ́ mi. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ìyàwó tíṣà ní àbúrò ní Ìbàdàn.

Mo ní, “Dókítà, ẹran tí ẹ gé lára ẹ̀gbọ́n mi dà?”

“Mo ti kó o fún àwọn ọkọ rẹ̀.”

“Kí wọ́n fi ṣe kí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ ti pẹ́ nílùú ńlá, dókítà. Níhìn-ín, bí wọn kò bá rí i nínú àwo, wọ́n á ní mo kàn fi abẹ ya awọ lásán ni.”

“Ẹ wá sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ojú mi ti mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gé wọn.”

“Ẹ kọ́kọ́ pè é ní fáíbúrọ́ìdì. Ẹ tún pè é ní jẹjẹrẹ. Ẹ wá pè é ní panṣágà. Ojú yín mọ nǹkan púpọ̀ lára ẹran kan ṣoṣo.”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Mo dúró títí ó fi kúrò tán, mo wá dìde, mo sì kí i pé ó dàbọ̀. Mo ti pinnu pé a ó tún pàdé.

Ní Ìbàdàn, akẹ́gbẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà àwọn obìnrin yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò, ó sì gé díẹ̀ níbi kókó náà. Kò yẹ kí ènìyàn ka ẹran ara ọmọ ìyá rẹ̀. Mo ní kí ẹlòmíràn kà á, èmi náà sì kà á lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àwa méjèèjì rí kò tó nǹkan: awọ òkè ọrùn ilé ọmọ tó dán gbinrin láìlábùkù, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀mú ti tẹ̀ fọ́. Ẹni tó bá ń kánjú ìbá kọ ọ́ pé kò sí àrùn. Dídán awọ òkè yẹn ló dá mi dúró. Jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ara awọ yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í fi awọ náà sílẹ̀ ní dídán kó tó bọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo padà lọ bá akẹ́gbẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi jókòó níbẹ̀. Mo ní, “Ẹ tún gé e. Ẹ gé e jinlẹ̀. Ara òkè kò sọ òótọ́.”

Ó gé e jinlẹ̀. Nígbà náà ni a rí wọn: sẹ́ẹ̀lì ńláńlá, wọ́n tò lọ rẹrẹ bí ògiri, wọn kò so mọ́ awọ, wọn kò ṣù jọ bí ti jẹjẹrẹ tí a mọ̀. Ohun méjì ló lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan burú gan-an, ó máa ń yára pa ènìyàn. Èkejì ni lìmfóómà, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí í bá kòkòrò àrùn jà nínú ara gbogbo wa. Ó ṣọ̀wọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ ní ọrùn ilé ọmọ. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i níbẹ̀ rí. Aró tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Mo fi ẹran náà, nínú àbẹ́là rẹ̀, rán ẹnìkan tó ń lọ sókè òkun sí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé. Ní gbogbo àkókò tí a fi ń dúró, ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá ilé ọmọ òun ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni ń béèrè ọmọ tó rán níṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi pè sórí fóònù ọ́fíìsì wa. Ó ní aró náà mú, pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni. Lìmfóómà.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi rọrùn láti sọ. Kì í ṣe àrùn tí a ń fi abẹ gé kúrò, oògùn ló ń wò ó. Bí dókítà ọ̀nà Ìdó bá ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, ìbá ti sọ ọ́ di àgàn lásán, oògùn náà ni ìbá sì tún padà gbà. Kì í sì í ṣe àrùn tí ọkùnrin kankan fún un. Mo kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀, mo sọ èyí, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ó yẹ kó mọ̀: pé jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ pàápàá, èyí tí wọ́n fi ń bú obìnrin, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan ló sábà máa ń fà á, ìyàwó tó mọ ọkọ rẹ̀ nìkan sì lè kó o lára ọkọ náà. Kò fèsì. Inú mi dùn pé kò fèsì. Ó fi hàn pé ó kà á.

Wọ́n fa oògùn sí i lára láti inú iṣan, wọ́n fún un ní àkókò kí ara rẹ̀ mókun, wọ́n tún fà á. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà pupa bí omi sobo, ìtọ̀ rẹ̀ a sì pọ́n. Èébì gbé e. Irun orí rẹ̀ já tán, títí kan irun ìpéǹpéjú. Nígbà tó wá sinmi ní Ìsàn láàárín oògùn kan sí èkejì, ẹnìkan láti Ìkọ̀lé rí orí rẹ̀, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ délé. Àǹtí Àgbà ní, “Ó ti ń fárí opó de àbúrò mi. Kó fi sùúrù dúró, kò tíì kú.” Wọ́n tún gbé ìyẹn padà wá fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó sì so ìborí rẹ̀ le. Mo fi gbólóhùn náà sínú ìgò pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kí oògùn tó parí, kókó náà ti yọ́ lọ. Akẹ́gbẹ́ mi tún gé ẹran níbẹ̀, ó jinlẹ̀, mo sì wò ó títí ojú fi ro mí. Ó mọ́.

Dókítà ọ̀nà Ìdó ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà agbègbè náà a máa ṣe ìpàdé láti kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì pè mí kí n wá sọ̀rọ̀. Mo yan kókó ọrùn ilé ọmọ tó ṣọ̀wọ́n. Mo gbé àwòrán sórí ògiri láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, mo ní kí dókítà náà, alàgbà wa tó jókòó níwájú, bá wa sọ ohun tó rí. Ó dìde. Ó ní jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ ni, pé kí wọ́n yọ ilé ọmọ. Mo jẹ́ kí ó sọ gbogbo ìdí rẹ̀. Mo wá gbé èyí tí ọ̀rẹ́ mi pa láró síbẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sì sọ pé a kò rí ẹran àkọ́kọ́ tí wọ́n gé lára obìnrin yìí kà, nítorí pé wọ́n sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn dókítà rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ìgò ẹran ti ń ti ilé-ìwòsàn rẹ̀ dé Ìbàdàn, pẹ̀lú fọ́máálínì nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń kà wọ́n. Bó bá ti ṣì wọ́n pè, mo máa ń kọ orúkọ tó tọ́ fún un ní lẹ́tà gàdàgbà.

Ó ku Àǹtí Àgbà. N kò lọ bá a. Òun ló wá.

Fóònù alágbèéká ti dé wàyí, ìròyìn ìwòsàn ẹ̀gbọ́n mi sì ti tàn ká. Olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, kó ọkọ àti Àǹtí Àgbà wá sí Ìsàn pẹ̀lú iṣu. Ọkọ dọ̀bálẹ̀. Arúgbó ní, “Àna wa, a jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nínú ulé.”

Bàbá wa ti ń mi orí bí ẹni tó gbà. Mo yára sọ̀rọ̀. “Bàbá, inú ilé kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

Àǹtí Àgbà wò mí. “Kí lo wá fẹ́, dókítà? Kí n gun orí pẹpẹ lọ jẹ́wọ́?”

“Rárá o, mà. Ẹ kò ní gun òkè. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wà.”

“Ilẹ̀ wo?”

“Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ ní ẹ rí orí wẹ́wẹ́ lára kókó náà. Ẹ gbé e jáde fún àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún, kí a jọ kà á.”

Bàbá wa ní, “Ọmọ mi, ó tó.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Kò tíì tó.”

Wọ́n wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ohun tí àbúrò òun wí ni òun náà wí. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, òun kò ní padà sílé ọkọ.

Mo mọ̀ pé kò lè sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹran tí a kò bá fi oògùn tọ́jú, ilẹ̀ kì í fi í sílẹ̀. Ìdí tí mo fi béèrè rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ pé sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìkọ̀lé, wọ́n ká apá mọ́ àyà. Àǹtí Àgbà mú ọkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ìjọ́sí ti yọ ọmọ yí ara rẹ̀ ká, Àǹtí Àgbà kò sì mọ èyí tó jẹ́ ìyá nínú wọn mọ́. Ó walẹ̀ níhìn-ín, ó walẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ìyá kan ní, “Ó ti gbàgbé ojú oórì.”

Òmíràn ní, “Àbí òkú ti jí lọ?”

Òógùn bò ó. Ó dúró, ó fi ara ti ọkọ́. “Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́.”

Mo ní, “Ó jẹ kí ni, mà?”

“Ó jẹ ẹran náà.”

“Ẹran kí ni?”

“N kò mọ̀.”

“Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.”

“Mo ní n kò mọ̀.”

Ohun tí mo wá gbọ́ nìyẹn. Mo yíjú sí àwọn ìyá náà, mo sì ṣàlàyé àrùn náà fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́: ibi tó ti ń wá, ibi tí kì í ti í wá, àti pé ẹran tí wọ́n sin síhìn-ín nìkan ni ẹlẹ́rìí tó lè gba ẹjọ́ aya ilé yìí rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí Àgbà rò pé ó parí. Ó ń gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bí ti ọmọ ìkókó. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀:

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á jinlẹ̀ sí i. Ara òkè kò sọ òótọ́.”

Àǹtí Àgbà sì tún gbé ọkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sílé ọkọ. Ìfẹ́ rẹ̀ nìyẹn, n kò bá a jiyàn. Nígbà tó yá, ó lóyún, Ìbàdàn ló sì wá bí i sí. Nọ́ọ̀sì gbé ibi ọmọ jáde nínú àwo, ó béèrè ta ni yóò gbà á. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́.

Mo ní, “Tíṣà, ẹ máa gbé ọmọ. Èyí, tiwa ni.”

Ó wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó rẹ̀ ń wo fèrèsé. Tíṣà ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Mo gé díẹ̀ nínú ibi ọmọ náà, mo lọ wò ó. Ó mọ́. Mo gbé èyí tó kù lọ sí Ìsàn, bàbá wa sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n sọ fún mi pé Àǹtí Àgbà ti gbẹ́ ihò tuntun sílẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ó sì fi páànù bò ó, ó ń dúró de ibi ọmọ. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá ní àkókò òjò, a ti ká páànù náà kúrò. Omi ló wà nínú ihò.